Fọ́ọ̀mù Tí Ọ̀gá Kò Kà Tán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ ọlọ́mọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín.

1. Lọ́dún 1978, Ọ̀mọ̀wé Ògúndípẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka kan ní yunifásítì, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Festac Town. Ìwé kún orí rẹ̀, àmọ́ kò wọ bàálù lọ sí àpérò kankan rí, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún.

Ọmọṣẹ́ rẹ̀, Adébánjí, ti fi ọdún mẹ́ta ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn apẹja etí omi Àmùwò. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ìwádìí náà níbi àpérò kan ní Dakar. Yunifásítì yóò sanwó ìrìnàjò, bí ọ̀gá bá ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kí oṣù tó parí.

2. Ògúndípẹ̀ rí Dakar lójú ewé kìn-ín-ní. Ṣé ọmọ àná ni yóò wọ bàálù ṣáájú òun? Kò ṣí ojú ewé kejì. Ó ju fọ́ọ̀mù sínú dúrọ́ọ̀, ó ní ó di ìgbà tí ọmọ náà bá wá dọ̀bálẹ̀ nílé.

Ọmọ náà sì wá. Lọ́jọ́ Sunday, ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Agboju, ó fẹsẹ̀ rìn wọ Festac pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Ògúndípẹ̀ wà ní yàrá, ó ní kí ìyàwó òun, Bernice, sọ pé òun kò sí nílé. Lójú tirẹ̀, ó yẹ kí Adébánjí wá lẹ́ẹ̀mẹta.

"Bàbá Ọlábùnmí, ẹ má ṣe ọmọ ọlọ́mọ báyìí," ni Bernice wí.

"Jẹ́ kó mọ̀ pé èmi lọ̀gá."

Ẹ wo ọ̀gá: ó sá fún ọmọ náà, kò sá fún búrẹ́dì tí ọmọ náà fi sílẹ̀. Oṣù parí, owó náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn.

3. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ń wá nǹkan nínú dúrọ́ọ̀, ó bá fọ́ọ̀mù náà pàdé. Ó ṣí ojú ewé kejì. Ẹni méjì ni Adébánjí tọrọ owó ìrìnàjò fún, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá òun ni yóò sọ̀rọ̀, òun yóò máa fi àwòrán hàn.

Ògúndípẹ̀ ránṣẹ́ pe Adébánjí. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo wá sílé, sà. Nígbà tí oṣù parí, mo rò pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ wa pọ̀ ni."

Ògúndípẹ̀ fẹ́ tọrọ àforíjì, àmọ́ ó kàn dá fọ́ọ̀mù náà padà sínú dúrọ́ọ̀ ni. Kí ọdún tó parí, Adébánjí ti lọ ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Apapa. Ìwádìí ọdún mẹ́ta kú síbẹ̀. Títí Ògúndípẹ̀ fi fẹ̀yìn tì, kì í ṣe Dakar ló ń dùn ún mọ́. Ojú ọmọ náà ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ìwé ọmọ ọlọ́mọ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ìlara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ ń dí lè jẹ́ tiyín. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.