Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Yà Sọ́tùn-ún

"Ọ̀dájú oníṣẹ́!" Bàbá àgbà ju ọkọ̀ ìṣeré náà sórí tábìlì mẹkáníìkì. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárọ̀ yìí. Ó ń yà sósì dáadáa, tó bá wá di ọ̀tún, a máa ṣe bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ alápatà. Bẹ́ẹ̀ ó ṣì dáa lánàá!"

Mẹkáníìkì pòṣé. Ó ti tú táyà, ó ti pààrọ̀ irin tó ń yí i, ó ti pààrọ̀ bátìrì rímóòtù pàápàá. Ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ó sì tẹ rímóòtù. Ọkọ̀ yà sósì, ó yà sọ́tùn-ún, ó pòyì ká ẹsẹ̀ àga.

"Ẹ ti rí i, bàbá. Ẹ gbé e, kẹ́ ẹ máa lọ. Ìwọ̀sí yìí ti tó."

Bàbá já rímóòtù gbà. Ọkọ̀ yà sósì, ó tún yà sósì, ó forí sọ ògiri.

"Ojú ẹ rí i? Ẹlẹ́tàn!"

Mẹkáníìkì gbójú sókè láti dá èébú padà, ojú rẹ̀ wá bọ́ sára àtàǹpàkò ọ̀tún bàbá. Ó wà lórí rímóòtù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lágbára láti tẹ bọ́tìnì ọ̀tún wọlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

"Èmi lo fẹ́ fi ṣẹ̀sín?"

Bàbá fi ẹ̀gàn rẹ́rìn-ín. Apá òsì ẹnu rẹ̀ nìkan ló gbéra.

Mẹkáníìkì ti ń tẹ fóònù, ó ń pe ilé ìwòsàn. Bàbá ò dákẹ́ èébú, ṣùgbọ́n èébú náà ti ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.