Ọkùnrin Ẹ̀yìn Àwọ̀n

Ìgbà kẹta tí Hulda Brandvold rí ọkùnrin náà lẹ́yìn àwọ̀n tí wọ́n ta síwájú àwọn òǹwòran ló ti dá a lójú pé ìṣekúṣe ló gbé e wá. Àga tó wà ní pápá Harlan Falls tó ẹgbẹ̀rún méjì, ṣùgbọ́n ojú kan náà lọkùnrin yìí máa ń jókòó sí, lẹ́yìn Lorene Kubiak gan-an. Lorene sì ni ahánbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́: òun ló ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá béèsìbọ́ọ̀lù, tó ń hán èyí tí igi bá tàsé. Yẹ̀rì tí àwọn olówó ẹgbẹ́ ní kí àwọn ọmọbìnrin máa wọ̀ kò dé orúnkún. Kí wá ni ọkùnrin ń wò lẹ́yìn obìnrin tó lóṣòó? Ó ń rí Hulda lára.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí irú ìyẹn má dé ọ̀dọ̀ wọn. Ogun ti kó àwọn ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, wọ́n fi obìnrin rọ́pò wọn, wọ́n ń sanwó fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì gba alágbàtọ́ kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Hulda ló ń wò bóyá wọ́n kun ètè ní pupa kí wọ́n tó wọ pápá. Òun ló ń fi oògùn sí itan tó bó nígbà tí wọ́n bá fara wọ́lẹ̀. Ìwé yòówù tí ọkùnrin bá sì fi ránṣẹ́ láti orí ìjókòó, ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Ó ti ṣèlérí fún ìyá Lorene pé ọmọ rẹ̀ kò ní bá oníṣekúṣe pàdé.

Lorene ní àfẹ́sọ́nà, Wendell Achterberg, tó wà lójú ogun ní erékùṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Òrùka tó fún un kò ṣeé wọ̀ sínú ìbọ̀wọ́ aláwọ tí wọ́n fi ń hán bọ́ọ̀lù, nítorí náà okùn bàtà ló so ó mọ́. Láti oṣù kẹta ni lẹ́tà Wendell kò ti wá mọ́. Nígbà tí Lorene kọ̀wé sí ìyá Wendell, èsì ìyá náà kò ju ìlà kan lọ: ó wà láàyè, ní sùúrù.

“Ẹni tó wà láàyè tí ò kọ̀wé, obìnrin ló rí,” ni Lorene wí lọ́jọ́ kan tí Hulda ń fi oògùn pa á nítan. “Tí mi ò bá gbúròó ẹ̀ títí a ó fi gbá ti ìgbẹ̀yìn, Mísì, màá dá òrùka yìí padà fún ìyá ẹ̀. Mi ò lè máa dúró de ẹni tí ò dúró dè mí.”

Hulda ní kó fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ dáadáa.

Ọkùnrin ẹ̀yìn àwọ̀n kò yẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹjọ, kóòtù ló ń wọ̀, ó sì máa ń ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ orin orílẹ̀-èdè, tí gbogbo ọkùnrin ṣí fìlà, tí wọ́n gbọ́wọ́ láyà, yóò dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ wà lórí, ọwọ́ rẹ̀ wà lápò. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń kú lọ́hùn-ún. Bí Lorene bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, tí pápá ń hó, kì í pàtẹ́wọ́. Bí ó bá sì yíjú padà láti lọ síbi ìjókòó ẹgbẹ́, ọkùnrin náà a sorí kodò bí olè.

Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ wá láti ọwọ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀pà.

“Ó ní kí n fọwọ́ ara mi yọ ọ́ lápò àyà òun,” ni obìnrin náà wí. “Mo sì yọ ọ́.”

“O sì kiwọ́ bọ̀ ọ́ láyà, lójú gbogbo ayé?”

Hulda fi ìka méjì gba àpò ìwé náà. Ọwọ́ obìnrin ló kọ orúkọ Lorene sí i, roboto, ọwọ́ ẹni tó kàwé. Àṣé ó tún ní obìnrin nílé tó ń bá a kọ irú nǹkan báyìí. Hulda kò já a, kò fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó fà á ya sínú garawa òwú ẹlẹ́jẹ̀, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ṣe sí ìkejì nìyẹn, àti ìkẹta.

Lọ́jọ́ ìgbẹ̀yìn, Lorene sá dé ibi tí wọ́n ti ń gba àmì ayò níwájú àwọ̀n, ó fara wọ́lẹ̀, yẹ̀rì rẹ̀ ká sókè, ẹ̀jẹ̀ bo itan rẹ̀. Ọkùnrin náà fò dìde. Ó fi iwájú orí ti àwọ̀n, ó ń mí hẹlẹ. Hulda ju òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ bá Tolliver, ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ bá mi gbé ẹranko yẹn kúrò níwájú àwọn ọmọ mi.”

Wọ́n tì í jáde. Kò jà, kò ṣàlàyé. Ó kàn wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan láti mọ̀ bóyá Lorene rí òun, ṣùgbọ́n omi ni Lorene ń bù sí itan.

Wọ́n borí. Nínú yàrá ìmúra, Lorene fi ọ̀bẹ gé okùn bàtà rẹ̀, ó sì fi òrùka náà lé Hulda lọ́wọ́. Kò sunkún. “Ẹ bá mi fi ránṣẹ́, Mísì.” Hulda sọ ọ́ sínú báàgì, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Aláìnítìjú méjì ló bọ́ lọ́rùn ọmọ náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ó yà ní àgọ́ ọlọ́pàá láti buwọ́ lùwé ẹ̀sùn. Ó rí i pé ibi tí àwọn tí wọ́n bá mú ti ń tẹ̀ka ṣófo lórí ìwé náà, ó sì bi Tolliver pé ṣé wọ́n fẹ́ ṣojúsàájú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni.

“Kò ní ọwọ́ tó máa fi tẹ̀ka, mà, méjèèjì ló kù sójú ogun,” ni Tolliver dáhùn láìwò ó lójú, “Wendell Achterberg lorúkọ ẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì ń bẹ̀ wá ni pé ká má jẹ́ kí ahánbọ́ọ̀lù yín mọ̀ pé òun wá, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti ní kí nọ́ọ̀sì bá òun kọ̀wé sí i, kò sì dáhùn.”