Lẹ́nu Ta Lẹ Ti Gbọ́ Ọ?

Ìwé tuntun mẹ́ta ló wà lórí ẹní nílé-kéwú kan ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Àìkú kan. Àáfà Mujeeb, olórí ilé-kéwú, ń kà wọ́n sókè, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé àwọn ọmọ wò kó tó di títẹ̀ ń gbọ́. Kúlúsúmù tó ń rán híjáàbù fún àwọn ọmọ wà nínú ìgbìmọ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Kò kàwé tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun làwọn tó ń kọ̀wé ń bẹ̀rù jù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: lẹ́nu ta lẹ ti gbọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí ẹni tó kọ ọ́ kò bá lè dárúkọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àti ẹni tí onítọ̀hún náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kì í wọ ìwé ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, ó mú kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin kúrò nínú ìwé àáfà kan.

Mujeeb máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá yìí, bí wọ́n bá ra ata, wọ́n á bi ata pé ta ni bàbá ẹ̀."

"Ata tí kò ní bàbá ló ń fa inú rírun," Kúlúsúmù á dá a lóhùn.

Abdulhakeem ló kọ ìwé kẹta. Olùkọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Ìkòròdú ló ń gbé, òun náà sì jókòó síbẹ̀. Mujeeb kà á dé ojú ewé kejìlá: "Ọmọ tó bá bómi lọ, màláíkà ní ń kọ́ ọ ní kéwú títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Kúlúsúmù.

Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tó ṣì wà nílé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà gbé Zikrullah ọmọ rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni Kúlúsúmù fi dojú kọ ògiri nínú yàrá, kò jẹ, kò mu. Ohùn obìnrin kan ń sọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́, léraléra, títí oorun fi gbé e lọ. Kò yíjú wẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, àní Toyyibah tó bí lẹ́yìn náà kò gbọ́ ọ rí. Òun ló fi ń dìde láàárọ̀. Bó bá ń ṣe àlùwàlá, á gbọ́ ohùn náà nínú omi tó ń dà láti inú kẹ́tù, á sì dúró títí omi á fi tán.

"Màmá, ẹ ò tíì béèrè," Mujeeb wí.

Ó béèrè.

"Lẹ́nu ìyá mi ni," Abdulhakeem dáhùn. "Ìjẹ̀dẹ́ ni wọ́n wà. Mi ò mọ ẹni tí àwọn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀."

Mujeeb ní Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé; bí wọn ò bá rí orísun ọ̀rọ̀ náà, wọn yóò yọ ọ́.

"Ẹ má yọ ọ́. Mo ń lọ wádìí ẹ̀."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní ká yọ ọ̀rọ̀ kúrò?"

"Ṣé ẹsẹ̀ yín ni mo fẹ́ fi rìn ni?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá Ṣẹ̀rífátù, ìyá Abdulhakeem, nídìí ẹja tó ń yan ní Ìjẹ̀dẹ́.

"Nígbà tómi gbé àkọ́bí mi lọ, mi ò lè fọmú sẹ́nu Abdulhakeem mọ́," Ṣẹ̀rífátù wí. "Àsíátù oníbàárà mi ló wá láti Ẹ̀pẹ́ wá sọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ yẹn ni mo tó jẹun." Ó gbójú sókè. "Àbí irọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ irọ́ ni, ẹ má padà wá sọ fún mi."

Àsíátù! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ Kúlúsúmù ni. Agboolé kan náà ni wọ́n gbé. Àṣé òun ló ni ohùn náà! Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ wà létí ọ̀sà. Kúlúsúmù kò wo apá ibẹ̀. Mọ́tò ló wọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ojú Àsíátù ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ó dá ohùn rẹ̀ mọ̀ kó tó wọlé tán. "Ìyá Zikrullah! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, o ò tiẹ̀ mú búrẹ́dì dání?"

Láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́, ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó jókòó tì í.

"Ẹ má bínú, ìyáálé mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ inú omi tẹ́ ẹ sọ fún Ṣẹ̀rífátù ni mo bá wá."

"Ìyá méje ni mo ti sọ ọ́ fún. Gbogbo wọn ló gba ìtùnú."

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún mi nínú yàrá nígbà yẹn."

"Èmi? Rárá o."

"Ìyàwó Àáfà àgbà àdúgbò yín ló wá sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn, àbí? Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Lẹ́nu ta lẹ ti gbọ́ ọ?"

Àsíátù na ọwọ́ wá tirẹ̀, ó dì í mú.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ ọ," ó ní, "nítorí a tì í mọ́ ọ fọ́jọ́ mẹ́ta kí o má baà tún sáré bọ́ sínú omi, kò sì sẹ́ni kankan nínú yàrá yẹn àfi ìwọ."