Ohun tí Philemon Sọ níbi Ìrántí Kóòṣì

Dèjì ló kọ́kọ́ béèrè. Ó pàdé Mildred, ọmọ Kóòṣì, níwájú ilé ìfowópamọ́ kan ní Okitipupa, ó sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó jọ bàbá rẹ̀ bí ìmumu.

"Kóòṣì wa ńkọ́?"

"Wọ́n ti sinmi," ni Mildred wí.

Dèjì ká ọwọ́ lérí. Ó lósòó sétí títì, ó ń sunkún, odindi alága ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Mildred dúró tì í. Kò sọ nǹkan mìíràn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìgbòdìgò àti Erínjẹ. Ta ni kò mọ Lucas Olúsànyà? Ó sáré fún Nàìjíríà nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbà á mọ́, ó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní jọ́gíráfì láàárọ̀, ó ń kọ́ wọn ní eré sísá nírọ̀lẹ́. Bí ọmọ kan kò bá ní bàtà, Kóòṣì á bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, wọn á jọ sáré lẹ́sẹ̀ lásán kí ojú má baà ti ọmọ náà.

Nígbà tí ìdíje ìpínlẹ̀ ku ọ̀la ni wọ́n bá oògùn nínú àpò rẹ̀, irú èyí tí àwọn eléré ìje ń lò láti fi yan àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jẹ. Philemon, igbákejì rẹ̀, ló rí i. Lórí ìlà àárọ̀, lójú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, Philemon fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn Kóòṣì. Mildred wà lórí ìlà náà. Ọmọ kíláàsì kejì ni.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ra pupuru lọ́wọ́ Eunice, ìyá rẹ̀, mọ́. Wọ́n ní ta ló mọ ohun tí ìyàwó olóògùn lè pò mọ́ ọn. Ọdún kò yí po tí Eunice fi kú. Lucas kó ẹrù, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìjọ̀, kò sì wá sí Okitipupa mọ́. Philemon di kóòṣì. Ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó fẹ̀yìn tì, ó di alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà.

"A fẹ́ ṣe ìrántí wọn ní pápá ilé-ẹ̀kọ́," ni Dèjì wí. "A fẹ́ fi orúkọ wọn sọ pápá náà."

"Ẹ jẹ́ kí n bi ilé ná, Bọ̀dá Dèjì."

Mildred wọkọ̀ ojú omi lọ, ó sì padà dé. "Ilé gbà. Ṣùgbọ́n Alàgbà Philemon ni kó sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn."

"Philemon kẹ̀? Àbí o ti gbàgbé ni?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan."

Dèjì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò kọ sábẹ́ àwòrán Kóòṣì.

"Ẹ má kọ ọjọ́ kankan, sà. Orúkọ wọn tó."

Philemon fúnra rẹ̀ wá sílé tí Mildred dé sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti wú, ọ̀pá ló fi ń rìn. Wòlíì obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún un pé ẹnì kan wà tó gbọ́dọ̀ bẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà tó sàn.

"Mildred, ọmọ mi, ṣé bàbá rẹ dárúkọ mi?"

"Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í dárúkọ yín, sà."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ojú gbogbo ayé lẹ ti ṣe é."

Bàbá àgbà náà wolẹ̀. Ó béèrè bóyá àwọn méjèèjì lè kúnlẹ̀ nínú iyàrá níbẹ̀, kí wọ́n gbàdúrà, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mildred gbé omi fún un.

"Ó di Sátidé, sà."

Nígbà tó lọ, Mildred da omi tó mu kù nù. Ó fọ ife náà, ó tún un fọ̀.

Lójú ọ̀nà, Philemon ń rò ó. Òkú kì í jiyàn. Ẹni tó bá sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, àánú ni yóò ṣe aráyé.

Ní Sátidé, pápá kún. Àwọn tó sá fún pupuru Eunice wà níbẹ̀ nínú aṣọ àdúrà funfun. Wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ Kóòṣì sí afẹ́fẹ́ rere, gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Mildred kò ṣe àmín. Aṣọ olódòdó ló wọ̀, ó jókòó níwájú, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó kan Philemon. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Èmi ni mo fi oògùn yẹn sínú àpò Lucas," ó ní. "Ipò rẹ̀ ni mo fẹ́. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀."

Obìnrin kan ké "Jésù!", ó tú gèlè rẹ̀ jù sílẹ̀. Dèjì dìde pẹ̀lú ìkúùkù. Mildred fọwọ́ sọ fún un pé kó jókòó.

Philemon ń sunkún. Ó gbọ́ tí àwọn kan ń pòṣé àánú, ohùn rẹ̀ sì le sí i.

"Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, ẹ̀yin ará. Ikú ló ṣe mí báyìí. Ká ní Lucas wà láàyè ni, lórí iyanrìn yìí, lójú gbogbo yín, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un!"

Ilẹ̀kùn kíláàsì tó wà lẹ́yìn àtíbàbà ṣí, Lucas Olúsànyà jáde, orí rẹ̀ funfun báláú, ó rọra rìn títí ó fi dé iwájú Philemon, ó nawọ́ sí iyanrìn, ó ní, "Ó yá."