Oòrùn Kò Ní Eyín

Àkèré lé Àkàn kúrò ní ibodè odò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àkàn. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dá ló mú kí odò Àkàn gbẹ. Òfin odò Àkèré sì ni pé ẹni tí ọ̀tá bá ń lé nìkan ló lè wọlé, kó sì fi ojú ibi tí wọ́n ti gé e jẹ hàn. Àkàn dá orin, òun náà ló ń gbè é, nítorí àwọn tó wà nínú omi panu mọ́:

Oòrùn ló lé mi dé o,
Kínrínjìn!
Odò baba mi ti gbẹ,
Kínrínjìn!

Àkèré bú sẹ́rìn-ín. "Àlejò, oòrùn kò ní eyín. Lọ jẹ́ kí ẹkùn gé ọ jẹ díẹ̀ ná!"

Àkàn gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ibodè títí ó fi kan omi.

Nígbà tó yá, odò Àkèré náà gbẹ. Àkèré wọ́ dé ẹnu ihò Àkàn, ó ń wá ojú ọgbẹ́ lára ara rẹ̀, kò rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi."

"Ta ló ń lé ọ?"

Àkèré dá orin Àkàn: "Oòrùn ló lé mi dé o."

Àkàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú omi, ó sì gbè é:

"Kínrínjìn!"