Ẹsẹ̀ Òsì Ọdẹ́tóyìnbó

Lórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tún ìwé ìwakọ̀ gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àríyànjiyàn àwọn dírẹ́bà kì í tán.

"Jíà oníbẹ́líìtì tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì yìí ń lọ geere bí ẹni jókòó sórí omi," Sìkírá wí. "Bàbá, ẹ gbàgbé tàtijọ́, kẹ́ ẹ lè rí ìwé gbà lọ́dún yìí."

"Geere kí ni?" Ọdẹ́tóyìnbó jágbe. "Tó bá dé ẹsẹ̀ òkè, á máa ké bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀, kò sì ní kúrò lójú kan. Bí mo bá féèlì ìdánwò wọn, kí n féèlì. Ẹsẹ̀ mi ò níí sẹ́ iṣẹ́ tó fi bọ́ àwọn ọmọ mi."

Wọ́n pè é wọlé. Òfin kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òsì dírẹ́bà kankan rántí kílọ́ọ̀ṣì mọ́, torí bíréèkì ni yóò ṣèèṣì tẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin òṣìṣẹ́ kan fi í jókòó sídìí sítíárí, ó sì tan ohùn lọ́rì àtijọ́ tó ń gun òkè. Lọ́dọọdún, bí ohùn yẹn bá ti ń bẹ̀bẹ̀ fún jíà kejì, ẹsẹ̀ Ọdẹ́tóyìnbó á ta gìrì, wọ́n á sì dá a padà sílé.

Lọ́tẹ̀ yìí, lọ́rì bẹ̀bẹ̀ títí, ẹsẹ̀ kò mira.

"Ẹ kú oríire, bàbá! Ẹ ti yege."

Ọdẹ́tóyìnbó ń fọwọ́ gbá itan òsì rẹ̀ bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn.

"Dìde," ló ń wí. "Dìde jàre, òkè ti dé."