Bàbá Ìbòòji àti Àlàfo Tó Dí

Ọkùnrin kan wà tí ìmẹ́lẹ́ bà jẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dunjú, oòrùn ni kò fẹ́ kó pa òun. Òun ni ọ̀gá àwa tí à ń dúró lẹ́bàá títì márosẹ̀ láti bi àwọn awakọ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ àti ibi tí wọ́n ń lọ. Bí a bá ti débi iṣẹ́, ìdí igi ló kọ́kọ́ máa ń wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Bàbá Ìbòòji lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wàhálà dé tó gbọ́dọ̀ yanjú lọ́jọ́ náà gan-an. Ọlọ́pàá tó yẹ kó máa dá ọkọ̀ dúró fún wa kò wá, alùpùpù rẹ̀ ti bàjẹ́. Láìsí ọlọ́pàá, ta ni tírélà máa dúró fún? Bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn ẹnjiníà ń retí èsì wa. Àlàfo kan wà nínú ògiri tó pín títì náà sí méjì, tí ọkọ̀ ń gbà yà sí ọsibítù ní òdìkejì. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń gba ibẹ̀ pọ̀. Bí wọn ò bá pọ̀, wọ́n á fi kọnkéré dí i.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká pe tésàn kí wọ́n fún wa ní ọlọ́pàá mìíràn. Kó tó di ọ̀sán, á ti dé."

"Ọ̀sán kẹ̀? Nínú oòrùn wo?" Ó nawọ́ síwájú. "Ẹ wo ilé epo yẹn. Ó ní òrùlé, ọkọ̀ sì ń dúró níbẹ̀ fúnra wọn. Ẹ lọ bi wọ́n níbẹ̀."

Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má ṣa awakọ̀ yàn? Ẹ ní ọkọ̀ tó bá kàn ni ká bi, ì báà jẹ́ ti ọba."

Òótọ́ ló sọ. Bàbá Ìbòòji fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa. Èmi tún sọ ohun tó burú jù níbẹ̀: "Ọ̀gá, ilé epo yẹn ti kọjá àlàfo. Ọkọ̀ tó bá ti yà sí ọsibítù kò lè débẹ̀ láé."

Ó kanra mọ́ mi. "Ṣé ìwọ lo gbà mí síṣẹ́ ni? Ọmọ àná! Ọkọ̀ lọkọ̀ ń jẹ́. Ó yá, ẹ gbéra."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bí a ti ń kó ẹrù wa, awakọ̀ takisí kan dá ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀.

"Àbúrò, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń béèrè ọ̀nà tá à ń gbà? Èmi rèé o! Àlàfo yìí ni mò ń gbà gbé aláìsàn lọ ọsibítù. Ìyàwó mi pàápàá, oṣù rẹ̀ ti pé, ibẹ̀ la máa gbà."

Bàbá Ìbòòji dá a lóhùn kí n tó lanu. "Ṣé epo lo wá rà?"

"Rárá o, sà."

"Máa lọ nígbà náà. Iṣẹ́ ìjọba là ń ṣe."

Awakọ̀ náà pòṣé. "Iṣẹ́ ìjọba lábẹ́ igi!"

Gbogbo awakọ̀ tí a bi ní ilé epo ló ní iwájú tààrà làwọn ń lọ. Kí ni wọn ì bá tún sọ? Nírọ̀lẹ́, Bàbá Ìbòòji sọ fáwọn ẹnjiníà pé àlàfo gan-an la dúró sí, ọlọ́pàá sì wà pẹ̀lú wa. Wọ́n yìn ín. Wọ́n sọ ọ́ di olórí gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa, wọ́n fún un ní ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Mo lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá àgbà àwọn ẹnjiníà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀ ń jowú ọ̀gá yín jù." Wọ́n kó kọnkéré dé, wọ́n dí àlàfo náà pa.

Kò pẹ́ tí ìrọbí mú ìyàwó awakọ̀ takisí. Ọkọ rẹ̀ sáré gbé e dé àlàfo, ó bá ògiri kọnkéré. Ó ń wo òrùlé ọsibítù lọ́ọ̀ọ́kán. Ta ló lè gbé aboyún fo ògiri láàárín tírélà tó ń sáré? Ó ní láti lọ yípo ní oríta jíjìn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì há wọn mọ́bẹ̀. Ẹ̀yìn takisí lobìnrin náà bímọ sí. Ìyá yè. Ọmọ kò ké.

Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Awakọ̀ náà lọ síbi ìpàdé tí àwọn ẹnjiníà pe ará àdúgbò sí. Ó béèrè pé, "Ta ló ní ẹnikẹ́ni kì í yà níbẹ̀?"

Bàbá Ìbòòji dìde pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn. "Awakọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àlàfo la dúró sí, ọlọ́pàá wà níbẹ̀."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ọlọ́pàá tí alùpùpù rẹ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìpàdé, ó pariwo: "Ọlọ́pàá wo? Èmi kọ́ o! Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo wà lọ́jọ́ yẹn!"

Mo dìde, mo sọ ibi tí a wà. Ẹlẹ́rìn-ín náà dìde, kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ìbòòji bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà ni."

"Oòrùn?" Awakọ̀ takisí sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, oòrùn lẹ sá fún tẹ́ ẹ fi pa mí lọ́mọ?"

Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Bàbá Ìbòòji, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Adájọ́ ní irọ́ tó pa fún ìjọba tó ẹ̀wọ̀n, ó sì wà níbẹ̀ báyìí.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé ẹni tó gbà láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aráàlú kò gbọdọ̀ lọ síbi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti béèrè. Ẹni tí o kò bi léèrè ní ẹ̀mí, ó ní ilé, ó sì ní ibi tó ń lọ. Bí o bá sì mọ ohun tó tọ́ tí o kọ̀ láti ṣe é, má pè é ní àṣìṣe. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Títí di òní, kọnkéré ṣì wà ní àlàfo náà. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ tún ìwádìí ṣe kí wọ́n tó lè yọ ọ́. A ti bẹ̀rẹ̀, a ò tí ì parí.